Ọ̀nà Tí Ajíbádé Là fún Mọ́tò Àna Rẹ̀

Àwọn kan wà nínú yín tó gbà pé owó ìjọba kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni, pé ẹni tó bá fi í pamọ́ kò jẹ aládùúgbò rẹ̀ ní gbèsè. Ẹ jókòó, kí n sọ ti Sàníù fún yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, ẹ jẹ́ kí n wí i pé kì í ṣe olè. Ó ń kírun, ó ń gbààwẹ̀, kì í sì fi òṣùwọ̀n èké ta àgbàdo fún ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ mọ́tò ló mú un.

Ìjàyè ló ń gbé, láàárín àwọn ọmọ àwọn tí ogun lé kúrò tí wọ́n padà wá tẹ̀dó. Iṣu àti àgbàdo ló ń tà, orí làwọn aláàárù fi ń bá a rù ú kiri ọjà. Láyé ìgbà náà, mọ́tò kò tíì pọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ lásán, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n á máa pè é títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí mọ́tò kan bá wá ń kọjá lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, Sàníù a dúró, a máa wò ó títí eruku rẹ̀ á fi rọlẹ̀.

Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ a sì ní, "Bàbá Mùjíbátù, ẹ ò wo èmi báyìí rí o."

Ọládòṣù ló kó bá a. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, ẹgbẹ́ ni wọ́n, òwò Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ló ń ṣe. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò tíì mu omi tán tó fi ní:

"Mo ti rí mọ́tò fún ọ. Òyìnbó kan tó ń padà sílé ló fẹ́ tà á. Akẹ́rù ni, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ gbàrà."

Ó dárúkọ iye rẹ̀. Sàníù mí kanlẹ̀. Apá rẹ̀ ká a.

"Ṣùgbọ́n kò tíì tán o," ni Ọládòṣù wí. "Owó ibodè wà níbẹ̀. Owó nọ́ńbà tún wà níbẹ̀, ìyẹn ni ìjọba máa gbà kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà sí i níwájú àti lẹ́yìn. Bí ọdún bá yí, wọ́n á tún gbà á."

"Kí ni wọ́n ń gbà? Ṣé àwọn ló bá mi kọ ebè tí mo fi rí owó rà á ni?"

"Ohun tí èmi náà wí nìyẹn!" Ọládòṣù fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ọ̀nà kan wà láti Kétu tí kò kan aṣọ́bodè. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹ̀yìnkùlé mi. Láti ibẹ̀ títí dé ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò ní bi wá léèrè. Ẹnu ìlú yín níbí ló le. Ọlọ́pàá wà lójú títì, wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò tí kò ní nọ́ńbà kọjá. Bí o bá lè la ọ̀nà láti ẹ̀yìn oko rẹ, kó já sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn nínú igbó, ó parí."

"Bí wọ́n bá wá rí i ńkọ́?"

"Ta ni yóò rí i? Ṣé o máa gbé e lọ sí Ìbàdàn ni? Ọjà oko ni kí o máa fi ná. Òyìnbó wo ló ń wá ra àgbàdo lọ́jà oko?"

Fàtímọ̀ ń gbọ́ wọn láti ìdí ààrò. Ó yọjú.

"Ẹ forí jì mí o, ẹ̀yin ọkọ mi. Ohun tí èèyàn bá fi pamọ́, wọn kì í gùn ún lọ sọ́jà."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre," ni Sàníù wí. "Kí lo mọ̀ nípa mọ́tò?"

"N ò mọ mọ́tò. Ẹ̀yin ni mo mọ̀."

Ọkàn Sàníù ti lọ. Ohun tó kù ni ta ni yóò la ọ̀nà náà. Bí ó bá háyà àwọn lébìrà, wọ́n á béèrè ohun tó fẹ́ gba ibẹ̀, wọ́n á sì lọ tú u sílẹ̀ ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Ó rò ó títí, ni ó bá rántí pé òun ní àna.

Mùjíbátù àkọ́bí rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ sọ́nà fún Ajíbádé, ọmọ Fákọ́ládé, láti abúlé kan lápá Akínyẹlé. Olórìṣà ni Fákọ́ládé, mùsùlùmí ni Sàníù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò di ìjà láàárín wọn. Ọmọ náà lápá, ó nítìjú, Mùjíbátù sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, igbá á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ọkọ àfẹ́sọ́nà a máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ìyàwó. Bàbá ìyàwó ní oko, òun ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó ló ni orúkọ. "Oko tí lágbájá ro fún àna rẹ̀" ni gbogbo ìlú á máa pè é. Sàníù kò ronú kan ibẹ̀ yẹn rárá. Ó ránṣẹ́ pe Ajíbádé.

Ajíbádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mo fẹ́ kí o pe ọ̀wẹ̀ fún mi."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé ebè ni, àbí igbó ṣíṣán?"

"Ọ̀nà ni. Láti ẹ̀yìn àká iṣu mi, kó já sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa. Ẹ sì di yàrà ìlú àtijọ́ lójú kan, kí nǹkan tó wúwo lè gorí rẹ̀ kọjá."

Ajíbádé gbójú sókè díẹ̀. "Kí ni yóò máa gba ibẹ̀, Bàbá?"

Sàníù fajú ro. "Ṣé ọmọ mi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ẹjọ́ lo wá bá mi rò?"

Ọmọ náà tún dojú bolẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. A ó là á."

Wọ́n sì là á. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá tàdá tọkọ́, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń hú kùkùté, wọ́n tẹ́ igi ọ̀pẹ sí yàrà tí àwọn baba ńlá gbẹ́ nítorí ogun, wọ́n sì rọ́ yẹ̀pẹ̀ lé e lórí. Iyán Fàtímọ̀ kò tán, omi tí Mùjíbátù ń pọn fún wọn kò tán. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ a dúró, wọ́n a ní, "Ta ló ń la irú ọ̀nà yìí?" Àwọn ẹgbẹ́ a sì pariwo pé, "Ajíbádé ni o! Àna rẹ̀ ló ń là á fún!"

Kí ọ̀nà tó jáde, gbogbo àgbègbè ti ń pè é ní ọ̀nà Ajíbádé. Sàníù gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló dára, orúkọ òun kò sí níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Ọládòṣù gbé mọ́tò náà wọlé. Áà! Bí ẹ bá rí Sàníù lọ́jọ́ náà. Ó ń fọwọ́ pa á lára, ó ń wojú rẹ̀ nínú gíláàsì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Ọládòṣù dúró tì í, ó kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n wà díẹ̀, kó tó padà sí Àjàṣẹ́. Ó fi irin tí wọ́n fi ń ta mọ́tò jí hàn án. Wọ́n á ki í bọ ihò tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n á fi agbára yí i títí mọ́tò yóò fi hó.

"Má fi àtàǹpàkò yí irin yìí ká o," ni Ọládòṣù wí. "Ẹ̀gbẹ́ ìka yòókù ni kó wà. Bí mọ́tò bá bínú, irin a máa ta padà, ó sì ti ṣẹ́ apá àwọn tó gbọ́n jù ọ́ lọ."

Sàníù gbádùn o, n ò ní parọ́. Kí àwọn aláàárù tó dé ọjà oko, òun á ti tà tán. Ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Bí fèrè bá ti dún lójú títì, á sáré lọ da màrìwò bo mọ́tò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àká. Bí àlejò bá wọ agbo ilé, á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá bàtà ìjọba ló wọ̀.

"Ẹ lọ san owó yìí, kí ara yín balẹ̀," ni Fàtímọ̀ wí.

"Bí mo bá lọ báyìí, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mo ti rà á. Kí ni mo fẹ́ wí?"

"Ẹ wí òtítọ́."

"Òtítọ́ ti wọ́n jù, Fàtímọ̀."

Òjò ló tú àṣírí. Òjò rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Olúyínká, akọ̀wé ìjọba tó ń mójú tó nọ́ńbà mọ́tò ní Ìbàdàn, ń gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì. Ó rí ipa táyà gbòòrò tó yà kúrò lójú títì wọ inú igbó lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin kan ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ibẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ọ̀nà ta nìyí?"

"Ọ̀nà Ajíbádé ni, sà!" Wọn kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ọmọ náà ni wọ́n fẹ́ yìn. "Ọmọ gidi ni. Òun náà ló ń lọ ní ọ̀ọ́kán yẹn, ó ru igi ìdáná lọ fún àwọn àna rẹ̀."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Olúyínká dé agbo ilé Sàníù, Ajíbádé wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ igi kalẹ̀. Ọlọ́pàá kan yà lọ sẹ́yìn àká, ó wọ́ màrìwò kúrò, ó sì kígbe pé, "Ó wà níbí, sà! Kò sí nọ́ńbà níwájú, kò sí lẹ́yìn!"

Olúyínká wo gbogbo wọn. "Ta ni wọ́n ń pè ní Ajíbádé?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ lo la ọ̀nà tó wọ ibí yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ni mọ́tò yìí?"

Ajíbádé yíjú sí Sàníù. Fàtímọ̀ náà yíjú sí i. Mùjíbátù tó ń fi omi tútù bọ̀ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù ba Sàníù. Ó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ níbàdí ọlọ́pàá. Ó rí ara rẹ̀ tí wọ́n ń fà á gba àárín ọjà kọjá pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ bi í," ni ó wí. "Òun ló la ọ̀nà."

Olúyínká tún wo Ajíbádé, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò sí bàtà, ó wo ṣòkòtò oko rẹ̀. "Ìwọ lo ni mọ́tò?"

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé ọmọ náà gọ̀. Ọkọ ìyàwó kì í pe bàbá ìyàwó rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú àlejò. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàwó ti bọ́ nìyẹn, orúkọ ilé wọn sì ti bàjẹ́. Ó tẹrí ba.

"Èmi ni, sà."

"Irọ́ ni!" ni Mùjíbátù ké. Sàníù sì jágbe mọ́ ọn pé kó wọlé.

"Ọmọ, mo mọ̀ pé irọ́ lo ń pa," ni Olúyínká wí, "ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á ni òfin ń mú."

Wọ́n mú un lọ. Awakọ̀ ìjọba wá gbé mọ́tò náà lọ sí Ìbàdàn.

Láti ọjọ́ náà, Mùjíbátù kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, á sì dìde. Fàtímọ̀ ni kò dákẹ́.

"Ẹ lọ gba ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

"Mo ń lọ."

"Ìgbà wo?"

"Mo ní mo ń lọ!"

Kò lọ. Lójoojúmọ́ ló ń wé láwàní pé òun ń lọ, bí oòrùn bá sì ti là, á rí nǹkan mìíràn ṣe. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé àìsan owó nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀ mọ́, irọ́ tó pa níwájú ìjọba ti gorí rẹ̀.

Fákọ́ládé wá. Ó jókòó, kò gba omi.

"Àna mi, wọ́n ní ọmọ mi ra mọ́tò."

Sàníù kò lè wò ó lójú. "Ọ̀rọ̀ náà yóò yanjú."

"Ọmọ tí mo bá tọrọ ṣòkòtò ọdún lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? N ò wá bá yín jà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ létí mi pé òun ló rà á. Bí ẹ bá sọ ọ́, màá gbà."

Ojú Sàníù pọ́n. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ ẹjọ́." Fákọ́ládé dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Sàníù lọ, ó jókòó sẹ́yìn láàárín èrò níwájú ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Ó ti búra fún Fàtímọ̀ pé òun yóò sọ̀rọ̀. Wọ́n mú Ajíbádé jáde, ó ti rù. Ògbufọ̀ bi í bóyá òun ló ni mọ́tò, ó ní òun ni. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Sàníù la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó tún pa á dé.

Olúyínká ló dìde. "Ẹ jẹ́ kó ta á jí. Ẹni tó ni ẹṣin á mọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún."

Gbogbo wọn jáde sí gbàgede, níbi tí mọ́tò wà. Wọ́n fi irin lé Ajíbádé lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò mọ ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀. Ọlọ́pàá kan tó ń ṣàánú rẹ̀ fi ihò hàn án. Àgbẹ̀ ni Ajíbádé, bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú ló mọ̀. Ó fi gbogbo ọwọ́ kó irin náà, ó rọ àtàǹpàkò yí i ká, ó sì sọ gbogbo agbára rẹ̀ lé e.

"Àtàǹpàkò rẹ!" Sàníù kò mọ ìgbà tó fò dìde. "Yọ àtàǹpàkò rẹ kúrò! Wọn kì í dì í bẹ́ẹ̀! Ajíbádé!"

Ó ti pẹ́ jù. Mọ́tò hó lẹ́ẹ̀kan, irin ta padà. Gbogbo gbàgede gbọ́ bí egungun ṣe ṣẹ́. Ọmọ náà ṣubú lulẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú.

Ẹ̀rín dá lẹ́nu èrò. Olúyínká kò wo Ajíbádé. Sàníù ló yíjú sí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Bàbá, báwo ni wọ́n ṣe ń dì í?"

Láti ilẹ̀ tó wà, Ajíbádé gbé orí sókè, òógùn bo ojú rẹ̀. "Ẹ má dá Bàbá lóhùn, sà," ni ó wí. "Èmi ni mo ni ín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa Sàníù. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó bú sẹ́kún níwájú tọmọdé tàgbà. "Irọ́ ló ń pa nítorí mi! Èmi ni mo rà á. Èmi ni mo gbé e wọlé. Mi ò sanwó ibodè, mi ò gba nọ́ńbà. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

Fákọ́ládé tó ti sáré jáde láàárín èrò, tó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan, kò bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n dá Ajíbádé sílẹ̀, wọ́n sì sọ Sàníù sẹ́wọ̀n. Ìjọba gbé mọ́tò sí gbàǹjo, ẹni tó rà á sì gba nọ́ńbà fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ máa bi mí bóyá owó náà pọ̀. Kò pọ̀. Ìkórè iṣu ọdún kan á san án, á sì ṣẹ́kù. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, bí mo bá ti rántí rẹ̀.

Nígbà tí Sàníù fi jáde, apá Ajíbádé ti san, ṣùgbọ́n ó wọ́. Kò lè fi kọ ebè tó gùn mọ́. Fákọ́ládé àti àwọn àgbà ilé rẹ̀ wá. Fàtímọ̀ rò pé wọ́n wá gba ẹrù ìdána padà ni, ó ti ń sunkún nínú ilé.

"A ò wá gba nǹkan," ni Fákọ́ládé wí. "Ọmọ yín ń wá sí abúlé wa lójoojúmọ́ láti bá Ajíbádé tọ́jú apá rẹ̀. Kò ṣẹ̀ wá. Ọmọ mi ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn. A ó fẹ́ ẹ."

Sàníù bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó ní kí Ọlọ́run—

Fákọ́ládé na ọwọ́ sí i. "Ẹ dúró. Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àbúrò yín ni kó ṣàdúrà fún un. Ẹnu tó sẹ́ ọmọ mi kò ní wúre fún ìyàwó wa. Bí ẹ bá la ẹnu náà, a ó padà lọ sílé láìmú un."

Ẹ̀yin tí ẹ ti fa ọmọ fún ọkọ rí, ẹ mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Sàníù wo ìyàwó rẹ̀. Fàtímọ̀ wo ilẹ̀. Ó gbà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Mùjíbátù ń sun ẹkún ìyàwó kiri ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá àgbà, wọ́n ṣàdúrà fún un. Ó kúnlẹ̀ fún àbúrò bàbá rẹ̀, òun náà ṣe é, gbogbo èrò ń ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló dé iwájú Sàníù. Kò sí ẹni tó rán an wá síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń dúró.

"Bàbá mi," ni ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é láti ọjọ́ tí wọ́n mú Ajíbádé.

Sàníù gbé ọwọ́ lé e lórí. Àdúrà ti kún ẹnu rẹ̀ dé ètè, gbogbo èyí tó ti ń ṣe nínú ẹ̀wọ̀n. Ó wo òdìkejì, ó rí Fákọ́ládé tó ń wo òun. Ó rí Ajíbádé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú apá tó wọ́, tó dojú kọlẹ̀.

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọmọ náà kò dìde. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dúró, títí Fàtímọ̀ fi wá dì í lápá, tó sì fà á dìde.